Òkun Tútù Kì í Ṣe Ààtàn Èéfín Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ní Lẹkki àti Ajah tí ara mi kò gbà mọ́. Bí a bá ń ráhùn nípa èéfín jẹnẹrétọ̀ tó bo àdúgbò, wọn á ní, "Òkun tóbi, òkun á gbé e mì." Èmi lòdì sí ọ̀rọ̀ yìí pátápátá, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

N kò ní parọ́, òkun ń gbé e mì lóòótọ́. Nínú gbogbo afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ọmọ ènìyàn ń tú jáde, òkun ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Òkun tútù sì ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà: Òkun Gúúsù tó yí ilẹ̀ yìnyín Àǹtákítíkà ká nìkan ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ohun tí gbogbo òkun ayé ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí òtútù ń ṣe níbẹ̀, kó ra ẹlẹ́rìndòdò méjì lábẹ́ bíríìjì Ajah. Kó ṣí èyí tó wà nínú yìnyín, kó sì ṣí èyí tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀. Èyí tó gbóná á hó dà sí i lára, nítorí omi gbígbóná kò lè di afẹ́fẹ́ mú bíi ti omi tútù.

Òtútù nìkan kọ́ o. Inú omi náà kún fún àwọn ewéko tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní phytoplankton. Bí ewé ẹ̀fọ́ ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti kábọ́ọ̀nù se oúnjẹ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ń ṣe. Gbogbo igbó, oko àti koríko orí ilẹ̀ pawọ́ pọ̀, nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń ṣe. Àwọn tíntìntín inú omi ló ń ṣe ìdajì kejì. Bí wọ́n bá kú, díẹ̀ nínú wọn á rì, á sì gbé kábọ́ọ̀nù ara rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkun. Kì í ṣe idán.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn nìkan ni. Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní etíkun Gánà àti Côte d'Ivoire. Omi náà á gbé ajílẹ̀ wá fún àwọn ewéko yìí, wọ́n á pọ̀ sí i, ẹja á sì tẹ̀lé wọn. Àwọn apẹja ibẹ̀ mọ̀ pé ìgbà òtútù òkun ni ìgbà ẹja ṣáwá.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n kàwé, ọ̀nà ẹ̀bùrú ni wọ́n fẹ́ gbà. Wọ́n ní kí a fún òkun ní oògùn kó lè gbé èéfín mì sí i. Irin ni oògùn náà. Eruku ọyẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń gbé irin dà sínú Àtìláńtíìkì tiwa, ṣùgbọ́n Òkun Gúúsù jìnnà sí irú eruku bẹ́ẹ̀, àìtó irin sì ń dá ewéko rẹ̀ dúró. Ní 1988, John Martin, onímọ̀ òkun ọmọ Amẹ́ríkà, fi ẹ̀fẹ̀ sọ pé ìdajì ọkọ̀ tańkà irin tó láti dá ayé padà sí ìgbà yìnyín. Ní 2009, àwọn onímọ̀ Íńdíà àti Jámánì wa ọkọ̀ Polarstern lọ síbẹ̀, wọ́n da irin sójú omi tó tó 300 kìlómítà onígun mẹ́rin. LOHAFEX ni wọ́n pe ìdánwò náà. Ewéko pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹranko kéékèèké inú omi ń jẹ wọ́n bí wọ́n ṣe ń yọ. Omi ibẹ̀ kò sì ní sílíkà tó, èyí tí irú ewéko tó ń rì dáadáa fi ń ṣe èèpo ara rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù tó rì sísàlẹ̀ kò tó nǹkan.

Bí irin pàápàá kò bá mú òkun gbé e mì, ta ló wá fún wa láṣẹ láti máa fi ẹnu òkun ṣèlérí?

Ẹlòmíràn á ní èéfín tiwa kéré sí ti Amẹ́ríkà àti Ṣáínà. Òótọ́ ni, kí wọ́n san gbèsè wọn. Ṣùgbọ́n òkun tó ń gbóná máa ń wú, àwọn ará Okun Alfa tí òkun ti gba ilé àti ọ̀nà lọ́wọ́ wọn kò sì lè fi ìwé ìṣirò èéfín Ṣáínà dá omi dúró. Mo mọ̀ pé iná kì í sí. N kò bá ìyá aránṣọ tó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré jà. Àwọn tí mo ń bá wí ni àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ ńlá mọ́jú kí ẹ̀rọ amúlétutù lè máa fẹ́ sí yàrá tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Èéfín ni àwa ń dà síwájú.

Èyí tó dùn mí jù wà nítòsí ilé. Ọ̀sà Èkó náà ní phytoplankton tirẹ̀. Ẹ lọ sí Badore, ẹ wo àwọn ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn nínú ọ̀sà. Omi á rú bíi tíì oníwàrà. Ìmọ́lẹ̀ kì í wọ inú irú omi bẹ́ẹ̀ jìnnà, ewéko tí kò bá sì rí ìmọ́lẹ̀ kò lè se oúnjẹ. Yanrìn yẹn ni wọ́n fi ń dí irà, irà tí igi inú rẹ̀ náà ń mu kábọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn náà a ó gbin igi mẹ́ta sórí yanrìn náà, a ó ya fọ́tò.

Ní kíláàsì bàọ́lọ́jì, ewé orí ilẹ̀ nìkan la fi ń kọ́ bí ewéko ṣe ń se oúnjẹ. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a bu omi ọ̀sà sínú ìgò, kí a gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ onílé, ẹ fi òfin dá wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ kú lóru. Kí àwọn tó ń fún àwọn afayanrìn ní ìwé àṣẹ sì kọ́kọ́ wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ inú omi tó, kí wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n lẹ èsì méjèèjì mọ́ ara ògiri ní èbúté Badore níbi tí gbogbo wa ti lè kà á.