Ilé Àdùnní ní Òṣogbo àti Àjà Ilé Bàbá Wa ní Ìjurìn

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà ní Òpópónà Ìbòkun ní Òṣogbo tí mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti apá ọ̀dọ̀ wa rí kí wọ́n tó jáde ní yunifásítì. Irú ilé tí àwọn Àgùdà mú bátànì rẹ̀ wá láti Brazil ni. Susanne Wenger, tí Yorùbá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ló gbé inú rẹ̀ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, títí ó fi kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní, 2009. Ìlú Graz ní Austria ni wọ́n ti bí i ní 1915. Òun àti ọkọ rẹ̀ ìgbà náà, Ulli Beier, gbé Ìbàdàn, wọ́n gbé Ẹdẹ àti Ìlobùú, kó tó di pé ó fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo.

Kò jìnnà sí wa. Ẹ ó gba Arámọkọ já sí Ìtàwùrẹ́, ẹ ó kọjá sí Iléṣà, Òṣogbo ló kù yẹn.

Ọ̀pọ̀ wa tó bá dé Òṣogbo, Igbó Ọ̀ṣun là ń sáré lọ. A ó ya fọ́tò lẹ́bàá odò, a ó gbé e sí WhatsApp, ó parí. Igbó náà dára, UNESCO kò ṣèèṣì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní 2005. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ilé yẹn kàn wá ju igbó lọ. Ìlú mélòó ló ní irú igbó bẹ́ẹ̀? Ta ni nínú wa ni kò ní ilé bàbá?

Ẹni tó bá ti lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ìjọba rí yóò kọ́kọ́ máa wá gíláàsì àti nọ́ńbà lára nǹkan. Ilé Àdùnní kò rí bẹ́ẹ̀. Ère wà níbi tí onílé gbé e sí nígbà ayé rẹ̀, ó sì pọ̀ débi pé ènìyàn ní láti ṣọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àga ibẹ̀ pàápàá, ère ni. Ẹ ó rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó jókòó. Iṣẹ́ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, àti ti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Irú èèyàn bí Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bíríkìlà kó tó di ẹni tí gbogbo ayé ń wá iṣẹ́ rẹ̀, àti Kàsálí Àkàngbé tó ń gbẹ́ igi. Àwọn ọmọ tí Àdùnní gbà tọ́ ni wọ́n jogún ìtọ́jú ibẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá béèrè pé kí ni èyí, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni yóò dá yín lóhùn, kì í ṣe pátákó. Ó lè dá yín lóhùn, ó sì lè ní kí ẹ má béèrè ìyẹn. Mo fẹ́ràn èkejì yẹn náà.

Kí ló wá kan Èkìtì? Ẹ jẹ́ kí n mú Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ìsẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, ṣùgbọ́n Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, lọ́dọ̀ wa níbí. Kò sí ẹni tó ń kọ̀wé lórí iṣẹ́ ọnà Yorùbá tí kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914, tó fi hàn bí ọba ṣe gba òyìnbó lálejò. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá ní Wembley, nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn British Museum fẹ́ rà á. Ọba kò gbowó, àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn. Lọ́ńdọ̀nù ni ti àkọ́kọ́ wà di òní. Ọ̀kan nínú àwọn òpó tó gbẹ́ sí ààfin kan náà wà ní Chicago. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n tó bá fẹ́ fojú kan iṣẹ́ ọmọ Ẹ̀fọ̀n yìí yóò kọ́kọ́ wá físà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì ìtàn yìí. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, wá ń wádìí rẹ̀ ní Ìsẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kẹrin ló bá nínú ilé, ìyá náà sì ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún un. Púpọ̀ nínú ohun tí ayé mọ̀ nípa Ọlọ́wẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn, ẹnu ìyá yẹn ló ti jáde. Kò sí èyí tó wà lára ilẹ̀kùn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Igi lè wà láìsí ẹnu tó mọ̀ ọ́n, ohun tó sì máa ń kù nígbà náà ni "iṣẹ́ ọnà Yorùbá, igi àti ọ̀dà".

Nílé wa ní Ìjurìn, igi àti ẹnu ṣì wà pa pọ̀, àmọ́ kì í ṣe fún ìgbà pípẹ́. Bí àgbàlagbà bá kú, a ó pín aṣọ, a ó pín ilẹ̀ oko, a ó jà lórí ilé. Èyí tó wà lájà ńkọ́? Ọpọ́n ayò, odó kékeré, igbá fínfín, àpótí ìyá àgbà, fọ́tò onídúdú àti funfun tí ikán ti jẹ etí rẹ̀: a ó kó wọn sí ẹ̀yìnkùlé, a ó ṣáná sí i. Bí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á gun ọ̀kadà wá, á fún wa ní owó tí kò tó ra àpò gààrí kan. Láti 1953 ni òfin ti wà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Òfin yẹn kò gun àjà ilé ẹnikẹ́ni rí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò sọ, pé òrìṣà ni nǹkan wọ̀nyẹn, àwa sì ti gba Jésù. Ọpọ́n ayò kì í ṣe òrìṣà. Èyí tó bá sì jẹ́ ti òrìṣà, kò sí ẹni tó ní kí ẹ bọ ọ́. Ẹ kàn jẹ́ kí ọmọ yín mọ̀ pé ó wà.

Ẹ̀sùn tó le jù ni pé Àdùnní rówó, ó lórúkọ, ó ní òyìnbó lẹ́yìn. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ náà, apá kan iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Krems ní Austria. Ilé tó kún fún nǹkan olówó iyebíye ń fẹ́ òrùlé, ó ń fẹ́ oògùn ikán, ó sì ń fẹ́ mọ̀lẹ́bí tí kò ní máa wò ó bí ilẹ̀ tí wọ́n lè tà. Èmi kò sọ pé kí Ìjurìn kọ́ irú rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: yàrá kan nínú agboolé kan, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ olórí ẹbí, kí a sì fẹnu kò pé ẹnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dá nǹkan kan tà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba kọ́ nìyí. Bí a bá ń dúró de kọmíṣọ́nà, ikán kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ la sì lè ṣe èyí tó kù. Ẹ ra ìwé kan, ẹ kọ orúkọ nǹkan kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ni ín, ẹni tó ṣe é, ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Ẹ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ lórí fóònù, bí wọ́n bá sì fọ Èkìtì, ẹ kọ ọ́ ní Èkìtì. Ẹ má sọ "ulé" di "ilé" fún wọn. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ má sì gbé e sí Facebook, nítorí ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti ń mọ ilé tí wọ́n máa lọ.

Èmi yóò bẹ̀rẹ̀ nílé wa ní ìsinmi tó ń bọ̀. Ìyá àgbà ní kí n mú ẹni tó lè gun àkàbà dání, nítorí ó ti pẹ́ tí òun ti rí ohun tó wà lókè yẹn.