Ohun Tí Dáníẹ́lì Kọ́ ní Bábílónì

Bí a bá dárúkọ Bábílónì nínú ìsìn òwúrọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni, ohun mẹ́ta ni ó máa ń sọ sí ọmọ lọ́kàn: ilé ìṣọ́ Bábélì, iná ìléru àti ihò kìnnìún. Ó yẹ kí a máa kọ́ wọn ní ìtàn wọ̀nyí títí láé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà ní orí kìn-ín-ní ìwé Dáníẹ́lì tí a máa ń yára kọjá: ọba pàṣẹ pé kí a kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Júdà ní ìwé àti èdè àwọn ará Kálídíà. Dáníẹ́lì kọ oúnjẹ ọba sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ ẹ̀kọ́ ọba sílẹ̀.

Irú ẹ̀kọ́ wo ni ó wà ní ìlú náà? Bábílónì wà ní etí odò Yúfírétì, ní gúúsù Bàgídáádì ní orílẹ̀-èdè Ìráàkì òde òní. Ní ohun tí ó ju 1,000 ọdún lọ ṣáájú Dáníẹ́lì, ọba Hammurabi ti fín òfin bí 282 sí ara òpó òkúta dúdú, èyí tí ó wà ní ìlú Paris lónìí. Bí ilé bá wó pa onílé, òfin náà ní pípa ni kí a pa ẹni tí ó kọ́ ọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fọ́ ojú òmìnira yóò pàdánù ojú tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fọ́ ojú ẹrú, ìdajì iye owó ẹrú náà ni yóò san. Ọgbọ́n àti ìrẹ́jẹ wà lórí òkúta kan náà.

Wọ́n ní ilé-ìwé pẹ̀lú. Wàláà amọ̀ ni àwọn ọmọ fi ń kọ́ ìwé. Olùkọ́ a kọ àpẹẹrẹ, ọmọ a sì wò ó kọ tirẹ̀. Ọ̀gọ́ta-ọ̀gọ́ta ni wọ́n fi ń ṣírò. Ìdí nìyí tí wákàtí wa fi ní 60 ìṣẹ́jú títí di òní.

Èmi kò sọ pé kí a gbàgbé ìkà wọn. Nebukadinésárì ni ó sun tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù, tí ó sì kó àwọn ènìyàn lọ sí ìgbèkùn. Ṣùgbọ́n àwọn awalẹ̀pìtàn ará Jámánì wú wàláà jáde ní Bábílónì tí a kọ òróró tí a ń fún Jèhóíákínì ọba Júdà àti ọmọkùnrin rẹ̀ márùn-ún sí. Ó bá ohun tí ó parí Ìwé Àwọn Ọba Kejì mu. Akọ̀wé àwọn tí ó kó o lẹ́rú ni ó wá ń jẹ́rìí sí Ìwé Mímọ́!

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá mọ ọgbọ́n àwọn abọ̀rìṣà, ìgbàgbọ́ rẹ̀ yóò yẹ̀. Ẹ wo Dáníẹ́lì: ó mọ ìwé Kálídíà ju àwọn onílé lọ, síbẹ̀ ó ń ṣí fèrèsé rẹ̀ sí ìhà Jerúsálẹ́mù láti gbàdúrà. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù ni òdìkejì rẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ pé ohun rere kan kò ti ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe onígbàgbọ́ wá, ojú wo ni yóò fi wo àwọn baba ńlá tirẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni ó jáde ilé-ìwé tí oríkì bàbá wa ń tì wá lójú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí, bí a ti ń dáwó àjọ̀dún yìí fún gbọ̀ngàn àti ọ̀dà, ẹ jẹ́ kí a yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìwé ìtàn àti fún olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Bábílónì tibi-tire ni yóò lè mọ ohun tí ó yẹ kí ó kọ̀ lórí tábìlì ọba, àti ohun tí ó yẹ kí ó kọ́ ní ilé-ìwé rẹ̀.