Páráṣúùtù Lẹ Ń Wò, Ta Ló Yẹ Bàálù Wò?

Wọ́n ní òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì náà ló ṣe iréṣà. Òyìnbó yìí kan náà tó ṣe bàálù kéèyàn má baà fẹsẹ̀ rìn, òun ló tún ṣe ohun téèyàn máa gbé kọ́ ẹ̀yìn, táá fi bẹ́ sílẹ̀ látinú bàálù tí nǹkan kan ò ṣe! Kì í ṣe pé iná ń jó o, kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì kú. Fàájì ni. Owó ni wọ́n ń san kí wọ́n tó lè fò.

Ẹ má sì rò pé àwọn ọ̀dọ́ tórí wọn gbóná nìkan ló ń ṣe é. George Bush àgbà, tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n yìnbọn lu bàálù ẹ̀ lójú ogun lọ́dún 1944 tó fi páráṣúùtù bọ́ lọ́wọ́ ikú, nígbà tó pé ẹni ọdún 75 ní 1999, ó fò. Ó pé 80, ó fò. Ó pé 85, ó tún fò. Nígbà tó pé 90 ní 2014, kò lè dá rìn mọ́, síbẹ̀ wọ́n so ó mọ́ ẹlòmíì, bàbá tún fò!

Ẹni tó bá gbọ́ irú ìtàn yìí, ìbéèrè kan náà ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu: "Tí páráṣúùtù ò bá wá ṣí ńkọ́?" Òyìnbó ti ro ìyẹn. Páráṣúùtù méjì ló wà lẹ́yìn ẹni tó ń fò. Bí ọ̀kan bá kọ̀, èkejì á dáhùn. Òfin Amẹ́ríkà ní ẹni tó níwèé àṣẹ nìkan ló gbọ́dọ̀ di èkejì yẹn, kó sì jẹ́ láàárín ọjọ́ 180 sígbà tí wọ́n máa gbé e kọ́ ẹ̀yìn, kódà bí wọn ò lò ó rí. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń fò lọ́hùn-ún ṣírò ẹ̀ pé nínú ìgbà mílíọ̀nù 3.65 táwọn èèyàn fò ní 2023, ẹni 10 ló bá a lọ. Ẹ̀mí kan ò kéré, àmọ́ ẹ ò ní í sọ pé wọn ò gbìyànjú.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bàálù tó ń gbé wọn gòkè ńkọ́?

Kì í ṣe bàálù gbọ̀ngbọ̀nràn tó ń kó èrò lọ sí London o. Níbi púpọ̀, bàálù kékeré ti aládàáni ni, irú Cessna 182 tí olówó kan lè ní bí ẹni ní mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì kan, síìtì mẹ́rin. Tí wọ́n bá fẹ́ fi gbé àwọn tó ń fò, wọ́n á tú síìtì kúrò, á ku ti awakọ̀ nìkan. Wọ́n á gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n á yọ ilẹ̀kùn tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Èèyàn mẹ́rin á wá ká eékún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á fún pọ̀ bí èrò danfo, ó di òkè ẹsẹ̀ bàtà 10,000. Àwọn yẹn á bẹ́ sílẹ̀, awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á tún kó mẹ́rin míì. Láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, lọ-bọ̀ lọ-bọ̀ ni. Iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn fún ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo tún wà níbẹ̀. Bí ẹrù bá pọ̀ jù lẹ́yìn bàálù, imú ẹ̀ á fẹ́ máa gbé sókè. Bó bá gbé imú sókè jù, atẹ́gùn tó gbé apá ẹ̀ ró ò ní í ràn án mọ́, ó máa já wálẹ̀ ni. Nínú bàálù tàwa ń wọ̀, oníkálukú ò kúrò lórí síìtì ẹ̀. Àmọ́ nínú èyí tó tóbi díẹ̀ lára tàwọn tó ń fò, ẹ̀yìn ni ilẹ̀kùn máa ń wà. Bí àkókò bá tó, gbogbo wọn á rọ́ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn méjì là á yé yín. Lọ́jọ́ kejì, oṣù kọkànlá, ọdún 2013, Cessna méjì gbéra nílùú Superior, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Àwọn 9 tó fẹ́ fò àti awakọ̀ méjì ló wà nínú wọn. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, àmọ́ tẹ̀yìn yìí sún mọ́ tiwájú jù, ló bá rọ́ lù ú ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 12,000 lókè. Apá tiwájú já, iná sọ. Ẹ gbọ́ o, kò sẹ́ni tó kú! Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bọ́ síta, awakọ̀ tiwájú náà gbé páráṣúùtù kọ́rùn, òun náà bẹ́. Awakọ̀ kejì gbé tiẹ̀ balẹ̀. Páráṣúùtù ló yọ wọ́n, àmọ́ torí pé wọ́n ti wà lókè ló ṣe ráyè ṣí.

Ìtàn kejì ò dùn-ún gbọ́. Lóṣù keje, ọdún 2016, bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì kan, King Air tí wọ́n ti ṣe láti 1967, gbé àwọn 14 lọ fò ní California. Ó dédé ń yí bí òkòtó lókè, apá kan ìrù ẹ̀ já dànù. Àwọn 14 bẹ́ sílẹ̀, awakọ̀ gbé e balẹ̀, gbogbo wọn dúpẹ́. Wọ́n tún bàálù ṣe, ó sì bára ẹ̀ ní Hawaii, ó ń báṣẹ́ lọ. Àṣé apá òsì ẹ̀ ti lọ́, wọn ò sì tún un ṣe. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 21, oṣù kẹfà, ọdún 2019, ó gbéra ní pápá Dillingham pẹ̀lú èèyàn 11. Kò tíì gòkè kan títí tó fi dojú dé, tó já, tó gbiná. Gbogbo wọn ló kú. Páráṣúùtù wà níbẹ̀ o, àmọ́ kí ni páráṣúùtù fẹ́ ṣe nítòsí ilẹ̀?

Lọ́dún 2021, NTSB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá ní Amẹ́ríkà, sọ pé awakọ̀ ló ki àṣejù bọ ọ̀nà tó gbà gbéra. Wọ́n ní ìwúwo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ jù lẹ́yìn, àti pé apá tó lọ́ yẹn dá kún un. Wọ́n tún ní òfin tí ìjọba fi ń ṣọ́ àwọn oníṣẹ́ yìí ò tó.

Ibi tó ká mi lára jù nìyẹn. Bí bàálù tó ń gbé àwọn tó ń fò ò bá ti kọjá máìlì 25 síbi tó ti gbéra, òfin Amẹ́ríkà ò ní kẹ́ni tó ni ín gba ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ tó ń kó èrò. Lóòótọ́, awakọ̀ tó ń gbowó gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì tó ju ti aládàáni lọ. Àmọ́ ní ti bàálù fúnra ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú òfin tó mú un, òun náà ló mú olówó tó ń fi tiẹ̀ najú. Ẹni tó sanwó, òfin ò kà á sí èrò ilé iṣẹ́ bàálù! Kì í ṣòní sì lariwo yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2008, NTSB yìí kan náà kà á pé láti 1980, jàǹbá bàálù àwọn tó ń fò ti ṣẹlẹ̀ nígbà 32, ó sì ti pa èèyàn 172.

Ẹlòmíì á ní bí wọ́n bá gbé òfin ilé iṣẹ́ ńlá lé àwọn oníbàálù kékeré lórí, wọ́n á kógbá wọlé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣe é dáadáa sì pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbowó ọkọ̀, ẹ̀mí èrò ti wà lọ́rùn ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ tàbí àbúrò lọ́hùn-ún, bí wọ́n bá ní ọjọ́ ìbí làwọn fẹ́ fi fò, ẹ má kàn ké "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" kẹ́ ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ọmọ ayé ìsìnyí ò ní í gbọ́. Ẹ ní kí wọ́n béèrè o: Ta ni mẹkáníìkì tó yẹ bàálù yìí wò gbẹ̀yìn, ìgbà wo sì ni? Ṣé jàǹbá ti ṣe é rí? Ta ló kọ́ awakọ̀ ní irú bàálù yìí gan-an? Ṣé bẹ́líìtì wà fáwọn tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tó bá ń gbéra? Epo ńkọ́, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ní Perris, ní California, epo tómi wọ̀ wà lára ohun tó já bàálù wọn ní 1992, èèyàn 16 ló kú.

Bí ẹni tó gbowó bá bínú torí wọ́n béèrè, kọ́mọ yín padà sílé. Béèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Ẹni tó ń ṣe fàájì náà yẹ kó lajú.