Wèrè Dùn-ún Wò, Kò Ṣeé Bí Lọ́mọ

Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá ń jó láàárín ọjà, tí ó ń dá sọ̀rọ̀, a óò dúró wò ó, a óò rẹ́rìn-ín. Bí ó bá di ti ilé ẹni, ẹ̀rín á tán, ìtìjú á dé. Ìtìjú yìí ni ó ń mú kí àwọn ìdílé kan fi aláìsàn pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́ igi.

Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù ilé ìwòsàn. Wọ́n ní dókítà yóò máa sọ Faransé, yóò bi wọ́n ní ohun tí kò yé wọn, yóò sì lé ará ilé sẹ́yìn. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe àìgbọ́n. Ìtọ́jú tí ó bá gba èdè ẹni àti ẹbí ẹni lọ́wọ́ ẹni lè dá kún àìsàn. Ní New Zealand, nọ́ọ̀sì Maori kan, Irihapeti Ramsden, fi èyí kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti ìparí àwọn ọdún 1980 sí i: aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó lè sọ bóyá wọ́n tọ́jú òun láìtàbùkù òun, kì í ṣe ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ Yorùbá kan ti fi í ṣe iṣẹ́ ṣe. A bí Thomas Adéoyè Lambo ní Abẹ́òkúta ní 1923. Ó kọ́ ìṣègùn ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà wá sí ilé ìwòsàn Arò ní 1954. Ó bẹ àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí kí wọ́n gba aláìsàn sílé, kí a sì san owó ilé fún wọn. Olúkúlùkù aláìsàn ní láti mú ará ilé kan wá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì bá a lọ gba ìtọ́jú. Bí wọ́n bá ti gba abẹ́rẹ́ tàbí oògùn tán, wọn a padà sí abúlé láàárín ènìyàn. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kí wọ́n bá a ṣiṣẹ́, nítorí wọ́n mọ àṣà àti ìrònú àwọn aláìsàn. Ní 1961, àwọn dókítà láti ilẹ̀ púpọ̀ péjọ sí Abẹ́òkúta wá wo iṣẹ́ náà.

Ní 2020 pẹ̀lú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ohun tí wọ́n rí ní Nàìjíríà àti Gánà: níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera ti bá oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn aládùúrà fọwọ́sowọ́pọ̀, ara àwọn aláìsàn yá ju ti àwọn yòókù lọ.

Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni Grégoire Ahongbonon. Kì í ṣe dókítà. Táyà ni ó ń lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Òun náà ti rí ìbànújẹ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó dá ẹgbẹ́ Saint Camille sílẹ̀, láti máa bẹ aláìsàn wò. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí orí wọn dàrú kúrò ní títì, ó sì ń tú àwọn tí a fi ẹ̀wọ̀n dè sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ní ilé ìtọ́jú ní Avrankou, tí kò jìnnà sí wa. Lára àwọn tí ara wọn ti yá ni ó ń tọ́jú àwọn tuntun níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí:

1. Ẹ tètè lọ. Bí ọmọ kò bá sùn mọ́, tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, tí ó ń sá fún ènìyàn, ẹ má dúró títí yóò fi bọ́ aṣọ sí ìta.

2. Kí ẹni tí ó fẹ́ràn bá a lọ. Ẹ bèèrè ẹni tí ó gbọ́ èdè yín. Ẹ sọ gbogbo àgbo tí ó ti mu, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́. Asofẹ́yẹjẹ lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, tàbí tí ó bá pàdé oògùn mìíràn, ó lè ṣe é ní ibi.

3. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ bi dókítà ná.

4. Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ebi, pàṣán tàbí ẹ̀wọ̀n kún àdúrà. Jésù kò na aláìsàn kankan kí ó tó wò ó sàn.

5. Bí ó bá padà dé, ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀. Ẹ fún un ní oko tí yóò ro, ẹ jẹ́ kí ó bá yín jókòó níbi ìkómọ àti ìgbéyàwó. Ẹni tí ará ilé bá gbà padà ni ìwòsàn rẹ̀ ń pẹ́.

Kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù.