Bí Kẹ̀kẹ́ Bá Ń Ké, Ẹ Fetí Sí I

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni a fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, mo sì mọ̀ pé àwọn ìyá wa kan ti fẹ́ ṣí ojú ewé mìíràn, wọn a ní ọ̀rọ̀ àwọn bàbá nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná. Ta ni ó ń jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tòun ti ọmọ, bí a bá ń lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ? Ẹni tí ó ń wa kẹ̀kẹ́ ń wo ọ̀nà, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i létí. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn ni ẹ máa ń tètè gbọ́ ariwo náà.

Kẹ̀kẹ́ kì í ké lásán. Kí a tó béèrè ibi tí ó ti ń ké, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí ó ń ké. Ẹ ní kí bàbá ilé dá ẹsẹ̀ dúró lórí pẹ́dàlì, kí kẹ̀kẹ́ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Bí ariwo bá dákẹ́, àìsàn wà lára pẹ́dàlì, ọwọ́ pẹ́dàlì tàbí ṣéènì. Bí kò bá dákẹ́, ẹ wo táyà, sípóòkù, búrẹ́ẹ̀kì àti mágàádì. Ṣùgbọ́n kẹ́-kẹ́-kẹ́ tí ẹ máa ń gbọ́ lára táyà ẹ̀yìn nígbà tí ẹsẹ̀ bá dúró, kì í ṣe àìsàn. Eyín kéékèèké inú firí-wíìlì ni ó ń fò. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Igbe tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti ṣéènì, ṣín-ín-ṣín-ín bí ọmọ eku. Kẹ̀kẹ́ mìíràn wà tí í jí àdúgbò kí ládàánì tó pe ìrun àsùbáà! Gbígbẹ ni ṣéènì gbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku ń fa epo mu. Irú ṣéènì yìí, tí Hans Renold ṣe ní Manchester ní 1880, ní rólà kékeré yíká ìṣó kọ̀ọ̀kan. Inú rólà wọ̀nyí ni irin ti ń họ irin, nítorí náà ibẹ̀ ni epo gbọ́dọ̀ dé. Kí a fi àkísà àti karosíìnì díẹ̀ nù ún, kí ó gbẹ, kí a kán epo ẹ̀ńjìnnì kan sí orí rólà kọ̀ọ̀kan, kí a yí pẹ́dàlì sẹ́yìn dáadáa, kí a wá nu èyí tó kù síta kúrò. Epo tó kù síta ló ń ba ìró yín jẹ́, òun náà ló sì ń kó yanrìn. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe é lò bí kò bá sí òmíràn, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́, kì í pẹ́ gbẹ. Epo pupa àti òróró ẹ̀pà ńkọ́? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọbẹ̀.

Bí ṣéènì bá ti mu epo tí kò sì dákẹ́, ẹ mú rúlà ọmọ ilé-ìwé wá. Ẹ fi òdo rẹ̀ sí àárín ìṣó kan. Lára ṣéènì tuntun, 12 ínṣì yóò bọ́ sí àárín ìṣó mìíràn gẹ́lẹ́. Bí ìṣó náà bá ti kọjá 12 pẹ̀lú ìdá kan nínú 8 ínṣì, ṣéènì ti jẹ, ó sì ń jẹ eyín irin tí ó wọ̀ lọ.

Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù ni kọ̀ọ́ tí í dún lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tí pẹ́dàlì bá yí po. Lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́, irú Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn, kọ́tà ni ó sábà máa ń jẹ́: ìṣó kékeré tí ó di ọwọ́ pẹ́dàlì mọ́ ọ̀pá abẹ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ di ọwọ́ pẹ́dàlì kan mú ṣinṣin, ẹ mi èkejì. Bí ó bá mì, kọ́tà ti tú nìyẹn. Ọjọ́ tí bàbá bá dìde dúró lórí pẹ́dàlì láti gun òkè ni yóò yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo yín a sì wà nílẹ̀ títì, mọ́tò sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a mú sípánà, wọn a máa fún nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì kọ́ ló ń fa kọ́tà wọlé o. Ẹ ṣe Bísímílà, ẹ fi irin ti ọwọ́ pẹ́dàlì nísàlẹ̀, ẹ fi òòlù lu orí kọ́tà títí yóò fi jókòó, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fún nọ́ọ̀tì. Èyí tí ó bá ti jẹ, ẹ ra tuntun. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ tún un lù. Púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ìsinsìnyí kò ní kọ́tà mọ́, bóòtù ló dì í. Ẹ fún bóòtù náà.

Bí pẹ́dàlì fúnra rẹ̀ bá tú, ẹ rántí pé ti òsì yàtọ̀: òdìkejì ọ̀nà tí ọwọ́ agogo ń yí sí ni a ń yí i kó tó le. Àìmọ èyí ti ba ọ̀pọ̀ ojú ìṣó jẹ́.

Búrẹ́ẹ̀kì tí ń ké fíìn, òróró ti kan rímù. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Èyí tí ń họ gàrà-gàrà, ẹ má fi ṣeré. Yanrìn ti wọ rọ́bà rẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́, tàbí rọ́bà ti tán, irin ló ń họ irin. Mágàádì àti kárírà tí ń gbọ̀n kò ju nọ́ọ̀tì fífún lọ.

Ó ku ti sípóòkù. Bí nǹkan bá ń dún ta-ta-ta lábẹ́ yín lẹ́yìn tí ẹ jókòó tán, ẹ pariwo kí bàbá dúró lójú ẹsẹ̀. Etí ìró tàbí ìborùn ni ó lè jẹ́. Ẹsẹ̀ ọmọ ni ó lè kàn lẹ́yìn náà, ọmọ tí Ọlọ́hun fi ṣe amánà sí wa lọ́wọ́, sípóòkù sì lè bó ẹsẹ̀ kí ó sì ṣẹ́ egungun. Kí a fi pátákó fẹ́lẹ́ tàbí àwọ̀n líle bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì táyà ẹ̀yìn, kí a sì kan ibi tí ọmọ yóò máa gbé ẹsẹ̀ lé, kí ó tó gun kẹ̀kẹ́ náà mọ́.