TÁBÌLÌ TẸ́TẸ́ KÌ Í ṢE ÌGBAFẸ́ ÌDÍLÉ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí ọmọ bá rí lọ́wọ́ baba rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, òun náà ni yóò máa hù níwà nígbà tí ó bá dàgbà. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹ̀yin ìjòyè wa àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú pé kí ẹ bá wa yẹ àṣà kan wò, tí a ń rí láàárín àwọn tí Ọlọ́run ṣe lóore ní Lẹ́kí àti Ajah: èyí nì ni kíkó aya àti ọmọ jáde lọ ṣe fàájì ní ibi tí tábìlì tẹ́tẹ́ wà.

Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Ajah, títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ni yóò tọ̀, yóò la ilẹ̀ Ìkátẹ àti ilẹ̀ Ìrú kọjá, títí yóò fi dé Victoria Island. Níbẹ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì Federal Palace wà, tí a ti mọ orúkọ rẹ̀ láti ìgbà òmìnira ní 1960, tí ó sì ní kasínò tirẹ̀. A kò fi ẹ̀sùn kan ilé kankan, nítorí òfin fọwọ́ sí iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni kò jẹ́ kí ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18 súnmọ́ tábìlì. Nítorí náà ìdílé tí ó jọ jáde kúrò nílé yóò pínyà lẹ́nu ọ̀nà: baba yóò wọlé, ìyá àti àwọn ọmọ yóò jókòó sídìí oúnjẹ, wọn yóò máa wo aago. Irú ìgbafẹ́ wo ni èyí?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní roulette, irú èyí tí ó ní òdo ẹyọ kan, ní ojúlé 37, láti orí òdo títí dé 36. Bí ẹnìkan bá fi ₦1,000 lé nọ́ńbà kan, tí bọ́ọ̀lù kékeré náà sì bọ́ síbẹ̀, wọn yóò fún un ní ₦35,000, wọn yóò sì dá ₦1,000 tirẹ̀ padà. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ₦1,000 lé gbogbo ojúlé 37 lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó má baà pàdánù, ₦37,000 ni yóò san sílẹ̀, ₦36,000 ni yóò sì gbà. Kí kẹ̀kẹ́ náà tó dúró, ₦1,000 ti di ti onílé. Níbi tí òdo bá jẹ́ méjì, ojúlé di 38, iye tí wọ́n ń san kò sì yí padà. ₦2,000 ni onílé yóò mú. Èyí kì í ṣe èrú, nítorí gbangba ni òfin eré náà wà. Oríire lè bá ẹnìkan lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń padà wá lójoojúmọ́ kò lè borí ìṣirò.

Àwọn kan yóò wí pé àgbàlagbà ni ó ni owó rẹ̀, àti pé bí ẹni san owó sinimá ni. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣòfò. Ẹni tí ó mú iye kan lọ, tí ó sì dìde nígbà tí ó tán, kò ja ẹnikẹ́ni lólè. Ìjọba ń rí owó orí níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń rí iṣẹ́. Tẹ́tẹ́ pàápàá kì í ṣe àjèjì, nítorí àwọn baba wa ni ó fi orúkọ rẹ̀ lé wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn náà mọ̀ pé gbèsè baba a máa sọ ọmọ di ìwọ̀fà. Ohun tí a ń bá wí ni kíkó ọmọ mọ́ ọn. Lóru tí baba bá jẹ, ẹ̀rín àti ariwo ni nínú ọkọ̀. Lóru tí ó bá pàdánù, kẹ́kẹ́ pa. Ọmọ tí ó gbọ́ ẹ̀rín, tí kò sì mọ ìdí ìdákẹ́jẹ́, yóò gbà pé owó kò ní ohun tí ó fi kan iṣẹ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní í wá kasínò lọ mọ́, nítorí tẹ́tẹ́ ti wà nínú fóònù tí ó mú lọ́wọ́.

Ṣé a kò ní eré tiwa ni? Ọpọ́n ayò ní ilé 12 àti ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Kò sí onílé tí ń yọ ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀ta borí nítorí pé ó mọ kíkà, òpè tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí sì lè di ọ̀ta lọ́dún tí ń bọ̀. Ìjòyè àti àgbẹ̀ lè dojú kọ ara wọn nídìí rẹ̀, ọmọ kékeré sì lè na baba rẹ̀ láyò, kí gbogbo ilé máa rẹ́rìn-ín. Bí ó bá sì jẹ́ ìjáde ni a ń fẹ́, ilé àwòrán Nike wà ní Ìkátẹ; igbó ìpamọ́ Lẹ́kí, tí a dá sílẹ̀ ní 1990, sì ní afárá orí igi tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Kò sí èyí tí ó ń pín ìdílé níyà lẹ́nu ọ̀nà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan ìjọba. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, àwọn adájọ́ méje ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi ohùn kan pa Òfin Lọ́tìrì ti 2005 rẹ́, lórí ẹjọ́ tí ìjọba Èkó ti pè láti 2008. Wọ́n ní àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́; Abuja nìkan ni ó kù fún àwọn aṣòfin àpapọ̀. Inú wa dùn, nítorí ó pẹ́ tí a ti ń wí pé kí agbára padà wá sílé. Ṣùgbọ́n agbára tí ó wá sílé gbé ẹrù wá pẹ̀lú. A kò lè na ìka sí Abuja mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ìjọba Èkó mú kí gbogbo ilé tẹ́tẹ́ kọ ìṣirò eré wọn ní èdè Yorùbá sí ẹnu ọ̀nà. Kí àwọn ìjòyè wa má ṣe fi ìlẹ̀kẹ̀ àti adé oyè ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀. Kí àwọn olórí ẹbí, nígbà tí wọ́n bá ń pín owó ilẹ̀, kọ́kọ́ yọ owó ẹ̀kọ́ ọmọ sọ́tọ̀. Ní etíkun yìí, níbi tí abúlé apẹja ti di ìlú ọlọ́rọ̀ lójú àwọn tí ó ṣì wà láàyè, ilẹ̀ kan kì í ṣeé tà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí baba má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ibi tí wọn yóò gbé e tà han ọmọ.