Bó Bá Kú Lójú Omi, Ta Lo Máa Pè?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi òǹkọ̀wé, ẹ má bínú, mi ò mú ewì ìfẹ́ wá lọ́tẹ̀ yìí. Ìjà ni mo gbé wá, ẹ jẹ́ kí n jà á tán kí ẹ tó là wá.

Lọ́jọ́ ìpàdé wa tó kọjá, mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé àwọn ará ilé wa ní Igbókòdá fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi tòkunbọ̀ kan, pé ẹ́ńjìnì ìdí rẹ̀ kì í ṣe Yamaha, àti pé gbogbo ẹbúté ló ń mirí sí i. Ọ̀rẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ará odò náà! Orúkọ lẹ̀ ń rà, ẹ ò ra ẹ́ńjìnì. Àìmọ̀kan ló ń dà yín láàmú." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí léegun, ìdí nìyí tí mo fi mú bíírò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, abúlé tí mọ́tò ò lè dé pọ̀. Omi ni títì wa. Bí aboyún bá ń rọbí, ọkọ̀ la fi ń gbé e. Bí ẹja bá máa dé ọjà Igbókòdá, ọkọ̀ náà ni. Ẹja yíyan ni Màmá mi ń tà, Bọ̀ọ̀dá mi ló sì ń wa ọkọ̀. Ọkọ̀ pákó tí wọ́n ń lò ti ń jò. Odidi ọdún méjì ni Màmá fi dá àjọ kí wọ́n lè ra òmíràn. Ọkọ̀ faibà tí wọ́n wá rí yìí ń dán gbinrin, ẹni tó ń tà á sì ní òun á fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín in sí iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ tó ní Yamaha. Orúkọ ẹ́ńjìnì ọ̀hún, mi ò ní dá a níbí, torí kì í ṣe òun ni mò ń bá jà. Ó lè jẹ́ ẹ́ńjìnì gidi níbi tí wọ́n ti ṣe é.

Bọ̀ọ̀dá pè mí lórí fóònù, wọ́n ní, "Ìwọ tó wà ní yunifásítì, kí lo rí sí i?" Kí n má parọ́ fún yín, èmi náà kọ́kọ́ ní kí wọ́n rà á. Owó tó máa ṣẹ́kù, mo ti fọkàn pín in. Owó ilé-ìwé mi wà nínú ẹ̀.

Nígbà tí mo délé, Bọ̀ọ̀dá mú mi lọ bá bàbá mẹkáníìkì kan létí omi. Bàbá yẹn ò kàwé tó wa. Wọ́n yí ẹ́ńjìnì náà ká lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n nu ọwọ́ sí sòkòtò, wọ́n wá bi Bọ̀ọ̀dá ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Bó bá kú lójú omi, ta lo máa pè?"

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ dáhùn o.

Ẹ wò ó, Enduro tí Yamaha ṣe, tó kún etí omi wa, kò ní ìṣòro nínú. Èèyàn á po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀, á fi okùn fà á, ó parí. Ọmọ kékeré ní ẹbúté lè tú kabúrétọ̀ rẹ̀, kó fọ̀ ọ́, kó sì dì í padà. Bó bá kú lójú omi, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ní pílọ́ọ̀gì irú rẹ̀, ẹni tó wà á sì mọ ibi tí wọ́n ń fi í sí. Ẹni tó ra ẹ́ńjìnì yìí ò ra irin nìkan. Ó ra mẹkáníìkì mọ́ ọn, ó ra ṣọ́ọ̀bù páàtì mọ́ ọn, ó sì ra gbogbo aládùúgbò mọ́ ọn. Ṣé ohun tí ẹ̀ ń pè ní àìmọ̀kan nìyẹn?

Rọ́bà kékeré kan wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì báyìí, òun ló ń fa omi wọlé láti fi tu ẹ́ńjìnì lára. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Omi oníyanrìn máa ń jẹ ẹ́. Bó bá ti jẹ tán, omi ò ní tú jáde lẹ́yìn mọ́, ẹ́ńjìnì á gbóná, á sì dákẹ́. Bí o ò bá rí rọ́bà irú tìrẹ rà ní Igbókòdá, tí o ò rí i ní Èkó, ẹ́ńjìnì olówó gọbọi ti di ìdákọ̀ró nìyẹn. Òmíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbọ́dọ̀ so mọ́ ọn kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà wo, lórí omi wo?

Ẹ tún ní ilé-iṣẹ́ ńlá ló ṣe é, kò lè parun. Ẹ gbọ́ ti Evinrude, ní Amẹ́ríkà. Láti 1909 ni wọ́n ti ń ta ẹ́ńjìnì ojú omi. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín wọ gbèsè ní 2000, ẹlòmíràn rà á ní 2001, nígbà tó sì di 2020, wọ́n ní àwọn ò ṣe é mọ́. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún o! Bí orúkọ ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè sùn, kí la fẹ́ sọ nípa èyí tí a ò gbọ́ rí?

Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe ojúsàájú. Ọ̀nà kan ò wọjà. Bí gbogbo wa bá ń sá fún tuntun, ẹnìkan ṣoṣo ni yóò máa dá iye lé wa lórí. Yamaha fúnra rẹ̀, 1960 ló ṣe ẹ́ńjìnì ojú omi àkọ́kọ́. Àlejò lòun náà nígbà kan. Mo gbà. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò. Ìbéèrè mi ni pé, kí ló dé tó fi jẹ́ Màmá mi? Ẹni tó ní ọkọ̀ mẹ́ta ni kó fi ọ̀kan dánra wò. Ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnì ni kó kó páàtì rẹ̀ wá sí ẹbúté, kó kọ́ mẹkáníìkì méjì, kó tó polówó. Ẹni tó ní ẹyọ kan, tí ìyá arúgbó àti ọmọ ọwọ́ ń wọ̀, kì í fi dán nǹkan wò.

Bàbá mẹkáníìkì ò sì fi ìbéèrè nìkan sílẹ̀. Wọ́n fi òòlù kan pákó ìdí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rọ̀ mọ́ jẹ́jẹ́. Wọ́n ní bó bá dún bọ̀m̀bọ̀m̀ bí ìgbà tí èèyàn ń lu tìmùtìmù, ó ti jẹrà lábẹ́ faibà. Ti ọkọ̀ yìí dún kánkán. Wọ́n tú ọ́ìlì gíà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì: ó funfun bíi mílíìkì. Omi ti ń wọ ibẹ̀ nìyẹn, bó ti wù kí ara rẹ̀ máa dán tó. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ dára, ẹ́ńjìnì lọ̀ràn.

Bọ̀ọ̀dá wá sọ fún ẹni tó ń tà á pé, "Ẹ yọ ẹ́ńjìnì yín, ẹ ta ọkọ̀ fún wa." Kò tíì gbà. A ṣì ń ná an. Bó bá gbà, a ó tún wá owó Yamaha kún un, owó ilé-ìwé mi á sì pẹ́. Kó pẹ́. Mo lè dúró de ìdánwò ọdún tó ń bọ̀, Bọ̀ọ̀dá mi ò lè dúró lójú omi lálẹ́.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi, bó o bá ṣì fẹ́ rẹ́rìn-ín, wá sí Igbókòdá. A ó gbé ẹ wọ ọkọ̀ alẹ́ńjìnì àjèjì yẹn, a ó tì ẹ́ dé ibi tí o ò ti ní rí èbúté mọ́. Bó bá kú, kó o pe ẹni tó wù ẹ́.

Mo ti sọ tèmi. Ẹni tó bá ní èsì, kó kọ ọ́ fún ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀.